Stainless Náà Ń Dógùn-ún: Ohun Tí Iná Ń Fojú Irin Rí

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá lónìí: ṣé lóòótọ́ ni pé stainless kì í dógùn-ún?

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkìrun ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ìkòkò stainless tuntun kaná, wọ́n bá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Omi inú ẹ̀ gbẹ táútáú. Nígbà tá a máa sọ̀ ọ́, ìdí ìkòkò ti di aláwọ̀ wúrà, búlúù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn. Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n mi, ojúlówó ni. Àwọ̀ yẹn ò sọ ọ́ di ayédèrú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irin lásán. Ẹ lọ sí ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ, ì báà jẹ́ ní Ìnísà. Tí wọ́n bá yọ irin tó pọ́n fòò nínú iná, tí wọ́n fi òòlù lù ú, ẹ máa rí ìpẹ́pẹ́ dúdú tó ń já bọ́. Kì í ṣe ìdọ̀tí o. Irin yẹn fúnra ẹ̀ ni, tó ti gba ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí iná ṣe ń jẹ irin nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Ó wà lára ohun tó ń mú kí sáléńsà jẹnẹrétọ̀ yín máa tínrín títí tó fi máa lu.

Stainless wá ńkọ́? Irin tí wọ́n po kirómíọ́mù mọ́ ni. Nínú 100 kìló ẹ̀, ó kéré tán, kìló 10 àtààbọ̀ máa ń jẹ́ kirómíọ́mù. Ní 1913, ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harry Brearley yọ́ ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ irú irin yìí. Kirómíọ́mù máa ń gba ọ́síjìn ṣáájú irin, á wá di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ara irin náà. Tẹ́ ẹ bá to 10,000 irú awọ yẹn léra, ó lè má nípọn tó irun orí kan. Tí nǹkan bá ha á, ó máa ń san fúnra ẹ̀.

Ẹ ò rí i pé stainless náà ń dógùn-ún? Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ògùn-ún tiẹ̀ ń ṣọ́ ọ ni. Iná ló mú kí awọ náà nípọn sí i lára ìkòkò ẹ̀gbọ́n mi. Ìmọ́lẹ̀ wá ń ṣeré lára ẹ̀, bó ṣe ń ṣe tí epo bẹntiróòlù bá dà sórí omi.

Ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ rèé. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní fuel cell. Ó ń fi gáàsì ṣe iná mànàmáná láìní ẹnjìnnì tó ń pariwo. Oríṣi rẹ̀ kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, tí gáàsì ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì, tí tánganran tín-ín-rín sì wà láàárín wọn. Ọ́síjìn ń gba inú tánganran yẹn lọ pàdé gáàsì. Ìpàdé wọn ló ń mú iná wá. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bíi 600 sí 1,000 °C kó tó ṣiṣẹ́.

Ẹyọ kan kì í mú tó fóltì kan wá tó bá ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ bátìrì fóònù yín nìkan jẹ́ nǹkan bíi 3.7. Torí náà, wọ́n máa ń to ọ̀pọ̀ léra, páànù irin á wà láàárín ẹyọ kan sí èkejì. Páànù yẹn ló ń ya afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára gáàsì, òun náà ló ń gbé iná kọjá. Stainless ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é tí ooru ò bá ju nǹkan bíi 800 °C lọ, torí pé kò wọ́n.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àkọ́kọ́, awọ tó ń ṣọ́ irin kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Bó ṣe ń nípọn sí i ni agbára ẹ̀rọ ń dín kù. Èkejì, bí atẹ́gùn tó ní omi nínú bá fẹ́ sí i nínú ooru yẹn, díẹ̀ lára kirómíọ́mù ń fò lọ bí oruku, á lọ ba ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé jẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ̀kẹta, tí kirómíọ́mù inú páànù bá tán, irin gan-an ló kàn. Á bẹ̀rẹ̀ sí í bó bíi ti alágbẹ̀dẹ.

Ní Jülich, ní Jámánì, àwọn onímọ̀ àti ilé iṣẹ́ ThyssenKrupp jọ ṣe irin kan tó ń jẹ́ Crofer 22 APU. Kirómíọ́mù inú ẹ̀ tó nǹkan bíi 22 nínú 100. Wọ́n fi mangánísì díẹ̀ sí i, kó lè bo kirómíọ́mù kó má baà fò lọ púpọ̀. Wọ́n tún fi lantánọ́mù bíńtín sí i, kí awọ náà lè lẹ̀ mọ́ irin. Àwọn mìíràn tún ń fi àpòpọ̀ mangánísì àti kọ́báltì kun ojú páànù.

Kí ló kan ẹni tó ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì kékeré ní Òkukù, tó ń tan jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́? Iye ọdún ni. Ohun tí àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí ń lé ni pé kó ṣiṣẹ́ fún 40,000 wákàtí, ìyẹn ju ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ lọ, tọ̀sán-tòru. Tí páànù bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún kan, ta ló máa rówó ra òmíràn? Torí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọ̀kan wá tà fún yín, ẹ má kàn bi wọ́n bóyá stainless ni. Ẹ bi wọ́n pé wákàtí mélòó ló lè lò nínú iná, àti pé kí ni wọ́n fi kùn ún.

Ní ti ìkòkò ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, àwọ̀ náà sì ṣí. Wọ́n ti fi se ìrẹsì. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ ju ìkòkò tiẹ̀ nù. Ó dìgbà o.