Ẹ̀rọ Tí Ń Po Mílíìkì Ìkókó àti Ọ̀rọ̀ Omi Gbígbóná

Láti ọdún 2013 ni ẹ̀rọ kan tí ilé-iṣẹ́ Tommee Tippee ń tà ní orúkọ Perfect Prep ti wọ ilé ìdáná ọ̀pọ̀ òbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà sì ti ń ṣe oríṣi tiwọn. Ohun tí ẹ̀rọ náà ṣèlérí ni pé fíìdà, ìyẹn ìgò tí a fi ń bọ́ ọmọ, yóò wà ní sẹpẹ́ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, pẹ̀lú mílíìkì tí kò gbóná jù, tí kò sì tutù jù, fún ẹnu ìkókó. Òbí tí ọmọ ti fi igbe jí rí ní aago mẹ́ta òru, tí omi kò tíì hó, tí ó sì mọ̀ pé bí ó bá hó tán òun yóò tún dúró kí ó rọlẹ̀, yóò gbà pé ìlérí kékeré kọ́ nìyẹn, nítorí náà kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ọ̀lẹ wo àwọn tí ń ra ẹ̀rọ yìí. Ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni ibi tí ẹ̀rọ náà ti rí àkókò tí ó ń dá padà fún òbí, nítorí pé nínú gbogbo iṣẹ́ pípo mílíìkì ìkókó, ìgbésẹ̀ tí ó ń gba àkókò jù lọ náà ni ìgbésẹ̀ tí ààbò ọmọ rọ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé nítorí omi nìkan ni a ṣe ń se omi tí a ó fi po mílíìkì ọmọ, pé bí omi bá ti mọ́, tàbí bí ó bá ti hó lẹ́ẹ̀kan rí, ewu ti kọjá. Òótọ́ ni pé omi tí kò mọ́ ń pa ọmọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ nìyẹn. Mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tí ó wà nínú agolo kò bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò àìfojúrí pátápátá, bí ó ti wù kí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é mọ́ tónítóní tó. A lè fi ooru gíga pa gbogbo kòkòrò inú mílíìkì olómi tí a dì pa sínú ìgò, ṣùgbọ́n ti lẹ́búlẹ́bú kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbẹ mílíìkì náà tán, kòkòrò bakitéríà ṣì lè bọ́ sínú rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ, láti inú afẹ́fẹ́, tàbí láti ara èròjà tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn. Ó sì tún lè wọ inú rẹ̀ nínú ilé, nígbà tí a bá ti ṣí agolo, láti ara ṣíbí tàbí ọwọ́ tí kò mọ́.

Méjì nínú àwọn bakitéríà wọ̀nyí ni ẹ̀rù wọn pọ̀ jù. Ọ̀kan ni Salmonella, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ olóró. Èkejì ni Cronobacter sakazakii, tí wọ́n fi orúkọ Riichi Sakazaki, onímọ̀ nípa bakitéríà ọmọ ilẹ̀ Japan, sọ. Ní ìlú St Albans ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí iṣẹ́ ibi rẹ̀ lára ọmọ tuntun, nígbà tí ìkókó méjì kú ní ọdún 1958, ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà sì jáde nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn ní 1961. Bakitéríà yìí lè wà láàyè nínú lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i gẹ́lẹ́ tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá ti kàn án. Àìsàn tí ó ń fà kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá mú ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, tàbí èyí tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì lè mú kí awọ tí ó bo ọpọlọ wú. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í yè é, àwọn tí ó bá sì yè é lè ru àbùkù ọpọlọ títí ayé. Ní ọdún 2022, ọ̀rọ̀ bakitéríà yìí kan náà ni ó mú kí ilé-iṣẹ́ Abbott ti iṣẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní ìlú Sturgis, ní ìpínlẹ̀ Michigan, pa fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì kó ọ̀pọ̀ agolo mílíìkì kúrò lórí àtẹ, tí ọ̀wọ́n mílíìkì ọmọ fi gba gbogbo Amẹ́ríkà kan.

Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ tí ó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé fi gbé ìlànà jáde ní 2007 pé, nígbà tí lẹ́búlẹ́bú bá ń bọ́ sínú omi, ooru omi náà kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 70 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí pé ooru náà ni ó ń pa kòkòrò inú lẹ́búlẹ́bú fúnra rẹ̀. Ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a mọ̀ sí NHS, sọ ọ́ ní èdè ilé ìdáná: kí òbí se omi tuntun tí ó tó lítà kan, kí ó fi í sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù fún ìwọ̀n ìgbà tí kò ju ìṣẹ́jú 30 lọ, kí ó po mílíìkì náà, kí ó sì wá gbé fíìdà sábẹ́ omi tútù tí ń ṣàn títí yóò fi rọlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ CDC tí ń rí sí ìdènà àrùn dá ìmọ̀ràn omi gbígbóná yìí sí ti àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, àwọn tí oṣù wọn kò pé nígbà ìbí, àti àwọn tí ara wọn kò lágbára láti bá àrùn jà. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ìlànà ilẹ̀ tí a ti ṣe ẹ̀rọ kan ni ó sábà máa ń hàn nínú bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Nínú irú ẹ̀rọ tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òbí yóò bu omi sínú ọpọ́n tí ó wà lára ẹ̀rọ, omi náà yóò sì gba inú asẹ́ kọjá. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ tú ìwọ̀nba omi gbígbóná díẹ̀ sínú fíìdà. Òbí yóò da lẹ́búlẹ́bú lé e lórí, yóò mì ín, yóò sì dá fíìdà padà kí ẹ̀rọ lè fi omi tútù tí a ti sẹ́ kún un dé ìwọ̀n. Ètò náà mọ́gbọ́n dání, níwọ̀n ìgbà tí lẹ́búlẹ́bú bá kọ́kọ́ pàdé omi gbígbóná kí tútù tó dé. Ibi tí ìṣòro wà ni pé omi díẹ̀ kì í mú ooru pẹ́ lọ́wọ́. Kí ó tó kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ dé ìsàlẹ̀ fíìdà, afẹ́fẹ́ àti ara ìgò ti gbà nínú ooru rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú tí a dà sí i sì tún gba díẹ̀ nínú èyí tí ó kù, kí omi tútù tó wá parí iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Fíìdà tí gbogbo omi inú rẹ̀ ti inú kẹ́tùlù wá kì í tètè tutù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi tútù náà sì wà níbẹ̀: a sẹ́ ẹ ni, a kò sè é, asẹ́ tí a kò bá sì pààrọ̀ lásìkò, tàbí ọ̀pá inú ẹ̀rọ tí ojú kò lè rí láti fọ̀, lè di ibùgbé fún ohun tí a ń sá fún gan-an.

Ní 2024, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Swansea ní Wales tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí àwọn òbí fúnra wọn fi ohun èlò ìwọn-ooru wọn omi tí wọ́n fi ń po mílíìkì nínú ilé wọn. Nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n wọ̀n, 85 nínú ọgọ́rùn-ún ni omi gbígbóná wọn kò dé 70. Nínú àwọn tí wọ́n ń lo kẹ́tùlù, 22 nínú ọgọ́rùn-ún ni omi tiwọn kò dé e. Kò yẹ kí a fi iye yìí dẹ́rù bani kọjá bí ó ti yẹ, nítorí pé ooru omi ni wọ́n wọ̀n, wọn kò ka iye ọmọ tí ó ṣàìsàn, kẹ́tùlù pàápàá kò sì járe tán. Síbẹ̀, ìwọ̀n ooru jẹ́ ohun tí olúkúlùkù lè fi tẹmómítà ilé ìdáná wádìí fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì ṣòro láti rí ìdí tí òfin kò fi gbọdọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ pé kí ó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn kí ó tó gbé e wọ ọjà.

Irú ẹ̀rọ kejì wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Òun máa ń wọn lẹ́búlẹ́bú àti omi fúnra rẹ̀, á pò wọ́n pọ̀, á sì tú mílíìkì sílẹ̀ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara ènìyàn, láìsí ìpele omi gbígbóná kankan. Ní ti ìkókó tí kò tíì pé oṣù méjì, ìyẹn nìkan tó láti mú kí òbí ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ewu mìíràn tún wà nínú ìwọ̀n, nítorí pé lẹ́búlẹ́bú kì í fúyẹ́ bákan náà láti agolo dé agolo, ẹni tí ó bá sì yan nọ́ńbà tí kì í ṣe ti mílíìkì rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, tàbí tí ó jẹ́ kí lẹ́búlẹ́bú dì mọ́ ọ̀nà tí ó ń gbà bọ́ sílẹ̀, lè máa fún ọmọ ní omi funfun lásán fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Mílíìkì tí ó ṣàn jù kì í jẹ́ kí ọmọ dàgbà, ó sì lè fa iyọ̀ ara rẹ̀ wálẹ̀ débi tí gìrì yóò fi mú un. Èyí tí ó ki jù a máa fa àìrígbẹ́yà àti gbígbẹ omi ara.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí kan àwọn ará ilé tí ìbátan wọn ń fi agolo mílíìkì ránṣẹ́ láti òkè òkun, pẹ̀lú ẹ̀rọ tàbí láìsí ẹ̀rọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣíbí kan tí ó wà nínú agolo sábà máa ń jẹ́ ti omi mílílítà 30. Ní Amẹ́ríkà, ṣíbí kan inú agolo sábà máa ń jẹ́ ti mílílítà 60. Abiyamọ tí ó ti mọ́ lára láti fi ṣíbí kan po 30, tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú agolo tí ó ti Houston ní Amẹ́ríkà wá, ti po mílíìkì tí ó ki ní ìlọ́po méjì nìyẹn, láìmọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ara agolo ni kí a kà, ṣíbí inú agolo kan kò sì gbọdọ̀ wọ inú òmíràn.

Gbogbo ohun èlò ìrọ̀rùn kọ́ ni ó ń fọwọ́ kan ìpele omi gbígbóná. Àwọn ìgò kan wà tí a ṣe láti mú kí mílíìkì tí a ti fi omi gbígbóná pò tètè tutù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìwọ̀nyí ń dín àkókò kù lẹ́yìn tí ooru ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ohun tí a sì lè bi wọ́n kò ju pé ṣé wọ́n ṣeé fọ̀ mọ́ dáadáa.

Ní ti ìpinnu òbí fúnra rẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ń gbani nímọ̀ràn pé kí a fi ọmú nìkan bọ́ ọmọ fún oṣù mẹ́fà, kí ọmú sì máa bá oúnjẹ mìíràn rìn títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyá lè kú, ó lè wà lórí oògùn tí kò bá ọmú rìn, ọmọ lè jẹ́ àgbàtọ́, iṣẹ́ lè pe ìyá padà ní kíákíá, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan sì lè yàn láti má fún ọmọ lọ́mú. Ìwádìí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2010 fi hàn pé 81 nínú ọgọ́rùn-ún ìyá ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmú, ṣùgbọ́n tí oṣù mẹ́fà bá fi pé, ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣì ń fi ọmú nìkan bọ́ ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dáwọ́ dúró ni kì í ṣe ìfẹ́ inú wọn. Ọmú ń dùn wọ́n, kò sì sí ìyá àgbà tàbí nọ́ọ̀sì tí yóò jókòó tì wọ́n kọ́ wọn. Ẹ̀rọ ìpo-mílíìkì ń ta oorun fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ìyẹn ilé tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò gbé ọmọ ní òru.

Òfin kò tíì bá ìyípadà tí àwọn ẹ̀rọ yìí mú dé dọ́gba. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1981, lẹ́yìn àtakò tí ó gbóná sí bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń polówó mílíìkì agolo ní àwọn ilẹ̀ tí kò lówó, dárúkọ mílíìkì, fíìdà àti orí fíìdà. Kò dárúkọ ẹ̀rọ, nítorí pé irú rẹ̀ kò tíì dé ọjà. Nítorí náà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí a kò ti gbọdọ̀ polówó mílíìkì ọmọ tuntun fún gbogbo ènìyàn, a lè polówó ẹ̀rọ tí ń pò ó bí a bá ti fẹ́. Owó ẹ̀rọ náà, tí ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, kò sì fi ohunkóhun kún oúnjẹ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí agolo tí ó wọ́n jù kì í ti ṣe é: òfin ibẹ̀ ti là á sílẹ̀ pé gbogbo mílíìkì ọmọ tuntun gbọdọ̀ ní àwọn èròjà tí ọmọ nílò.

Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ lórí títa mílíìkì ìkókó láti 1990, àjọ NAFDAC, tí ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, sì ni ó ń mójú tó o. Ní ti fífún ọmọ lọ́mú, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó bá bímọ ní ìsinmi oṣù mẹ́fà láti 2014. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ sọ pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n ń fi ọmú nìkan bọ́ jẹ́ 17 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2013, wọ́n sì di 29 ní 2018. Púpọ̀ nínú àwọn ìyókù ń mu omi lásán tàbí àgbo pẹ̀lú ọmú, nítorí náà ọ̀rọ̀ tiwọn kì í ṣe ti agolo rárá. Fún ilé tí ó ń lo agolo, ẹ̀rọ tí kò lè ṣe nǹkan kan láìsí iná mànàmáná jẹ́ alábàárò tí kò ṣeé gbára lé níbi tí iná ti ń ṣe ségesège. Fúláàsì ṣeé gbára lé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá da omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó kún un dé ẹnu, tí a sì dé e pa, ooru rẹ̀ yóò wà lókè 70 fún wákàtí bíi mélòó kan, débi pé abiyamọ tí ó se omi kí ó tó sùn yóò ní omi tí ó gbóná tó nígbà tí ọmọ bá jí lóru, ohun tí ó kù fún un kò sì ju abọ́ omi tútù tí yóò fi mú kí fíìdà rọlẹ̀. Mílíìkì tí a bá pò gbọdọ̀ di mímu láàárín wákàtí méjì, èyí tí ọmọ bá sì ti fi ẹnu kàn tí kò mu tán, kí a dà á nù. Ní ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, mílíìkì olómi tí a ti pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ ni ó dára jù bí ilé ìwòsàn bá ní in. Bí kò bá sí, lẹ́búlẹ́bú náà ni a ó lò, omi rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 70 lọ.