Àwòrán Ọba tí a Fín sórí Bàbà: Ojú Ta ni a ń Wò?

Ìfáárà

Ní Òkè-Ògùn, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, oríkì ni àwọn baba ńlá wa fi ń ya àwòrán ọba. Lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa rí àwòrán àwọn ọba àtijọ́ nínú ìwé ìtàn, wọn a sì gbà pé bí ọba náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, àti ìdí tí ó fi yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó fi ṣe ẹ̀rí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ igbá fínfín ní Ọ̀yọ́ ti mọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Oníṣẹ́ ọnà yóò fi irin ẹnu ṣóńṣó fín àwòrán sára bàbà pẹlẹbẹ. Yóò fi tàdáwà kún ojú ìlà tí ó fín, yóò nu èyí tí ó kù kúrò, yóò sì tẹ bébà tútù mọ́ ọn nínú ẹ̀rọ. Dúdú àti funfun ni yóò jáde. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó ní àwọ̀, wọn yóò fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà púpọ̀, ẹlòmíràn ni ó ń ṣe èyí. Òfì Ìsẹ́yìn kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ti ń pa òwú láró kí wọ́n tó hun ún. Nítorí náà, àwọ̀ ni ẹ̀rí tí ó rọ jù nínú irú àwòrán yìí.

Àpẹẹrẹ méjì

Ní ọdún 1578, Philips Galle gbé ìwé àwòrán àwọn alákòóso ilẹ̀ Họ́láǹdì jáde ní ìlú Antwerp. Dirk Kìíní wà lára wọn. Ọ̀rúndún kẹwàá ni ọkùnrin yìí gbé ayé. Ó ti kú ní ohun tí ó lé ní 600 ọdún kí wọ́n tó fín ojú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì sún mọ́ wa. Ní ọdún 1668, ìwé Olfert Dapper lórí ilẹ̀ Áfíríkà jáde ní Amsterdam. Àwòrán Ọba Bìní wà nínú rẹ̀: ọba wà lórí ẹṣin, àwọn onílù, aràrá àti ẹkùn ń bá a rìn, ẹyẹ sì wà lórí òrùlé ààfin. Dapper kò fi ẹsẹ̀ tẹ Áfíríkà rí. Ìròyìn àwọn ẹlòmíràn ni ó kó jọ. Àwọn àgbà sì ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kọ́ ni irọ́. Lára iṣẹ́ idẹ tí àwọn ará Bìní fúnra wọn ṣe, èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní ọdún 1897, a rí ọba lórí ẹṣin, a sì rí ẹyẹ lórí òrùlé ààfin. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onílé ni ó jẹ́rìí sí ti àlejò.

Àgbálọgbábọ̀

A kò ní kí a sọ àwòrán wọ̀nyí nù. Ohun tí a ń sọ ni pé kí olùkọ́ béèrè ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó fín in? Ọdún mélòó lẹ́yìn ọba náà ni? Ta ni ó kùn ún? Lẹ́yìn náà, kí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ oríkì, ère àti iṣẹ́ idẹ ìlú náà. Oríkì náà a máa pọ́n ọba lé, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tí ọba náà jọba lé lórí ni ó ti wá. Ẹni tí ó bá ń ṣe ìwé fún ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ ọdún tí wọ́n fín àwòrán sí abẹ́ rẹ̀, kí ọmọ má baà gba ojú tí ẹnìkan ronú kàn gẹ́gẹ́ bí ojú baba ńlá rẹ̀.