Ẹni Tó Mọ Whot Ta, Kó Wá Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Ju Káàdì Nù

Bí wọ́n bá mú iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday ní Mowe tàbí Ibafo, kì í pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbé bẹ́ǹṣì síwájú ṣọ́ọ̀bù, tí Whot á sì jáde. "Píkì túù!" "Jẹ́nẹ́rà mákẹ́ẹ̀tì!" Ariwo wọn á dé títì. Ifo náà kò yàtọ̀. Bí ẹnì kan nínú wọn bá wá tẹjú mọ́ fóònù, tó ní póòkà lòun ń ta pẹ̀lú àwọn tóun ò rí sójú rí, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé kì í ṣe tẹ́tẹ́ nìyẹn?" Tẹ́tẹ́ ni, bí owó bá ti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń mú nọ́ńbà, tí á wá máa wojú ọ̀run. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú ọgbọ́n náà sì ti wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ Whot ta dáadáa.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ilẹ̀ yìí ni Whot ti bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ William Henry Storey ló dá a sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, ní nǹkan bí ọdún 1935, ilé iṣẹ́ Waddingtons ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwa la wá sọ ọ́ di tiwa. Káàdì 54 ló wà nínú páálí rẹ̀, 20 jẹ́ márùn-ún nínú wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta kì í kàn ń ju káàdì sílẹ̀ lásán. Ó ń ka iye 20 tó ti jáde. Ó ń ṣọ́ ẹni tó lọ ọjà nígbà tí wọ́n pe sítáà, torí ó ti mọ̀ báyìí pé olúwarẹ̀ kò ní sítáà lọ́wọ́. Ojú yìí gan-an ni póòkà ń fẹ́.

Káàdì póòkà jẹ́ 52, oríṣi mẹ́rin, mẹ́tàlá-mẹ́tàlá. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè ní Texas Hold'em. Wọ́n á fún olúkúlùkù ní káàdì méjì tí ẹlòmíràn kò ní rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣí mẹ́ta sáàárín tábìlì, wọ́n á ṣí ẹyọ kan sí i, wọ́n á tún ṣí ẹyọ kan: márùn-ún yìí, gbogbo yín lẹ jọ ni ín. Ẹni tó bá rí márùn-ún tó dára jù kó jọ nínú méje ló máa kówó. Kí ìpín tó bẹ̀rẹ̀, ẹni méjì á ti fi owó díẹ̀ sílẹ̀ ní dandan. Lẹ́yìn ìpín, àti lẹ́yìn ìṣí kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ owó tún ń yí ká. Bó bá kàn yín, ẹ lè san iye tí wọ́n pè, ẹ lè fi kún un, ẹ sì lè ju káàdì yín nù kí ẹ káwọ́ lẹ́rán.

Ibi jíjù-nù yìí ni ọmọ Whot ti máa ń kọsẹ̀. Nínú Whot, káàdì tí wọ́n bá pín fún èèyàn, tiẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó lè ní òun kò gbà. Ẹni tó bá gbé ìwà yẹn dé ìdí póòkà á máa sanwó lórí gbogbo ìpín, torí bóyá ohun rere á ṣí. Bí owó ṣe ń tán nìyẹn. Méjì tó jọra, bíi 9 àti 9, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń wá nínú ìpín 17. Éèsì méjì, tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìpín 221. Nídìí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án, olùbẹ̀rẹ̀ tó bá ju mẹ́jọ nù nínú ìpín mẹ́wàá kò ṣojo. Kó di méjì tó jọra mú, pàápàá láti 10 sókè, àti éèsì pẹ̀lú kíńgì tàbí kúìnì. Kíńgì pẹ̀lú 7 dára lójú, àmọ́ gbèsè ni: bí kíńgì bá ṣí sáàárín, ẹni tó ní kíńgì pẹ̀lú jáàkì ti ń dúró dè yín.

Ibi téèyàn jókòó sí náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló ń gbádùn, torí ó ti rí ohun tí gbogbo wọn ṣe kí tiẹ̀ tó kàn. Àmì róbótó kan máa ń yí ká tábìlì lójú fóònù. Bí káàdì àárín bá ti ṣí, ọ̀dọ̀ ẹni tí àmì náà wà ni ọ̀rọ̀ ń parí sí. Káàdì tí ẹ máa jù nù bí ẹ bá wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ lè dì í mú bí àmì bá wà lọ́dọ̀ yín.

Ìṣirò wá ńkọ́? Sípéèdì jẹ́ ọ̀kan nínú oríṣi mẹ́rin yẹn. Ẹ ní sípéèdì méjì lọ́wọ́, méjì tún wà nínú mẹ́rin tó ti ṣí sáàárín, ó ku káàdì kan. Bó bá jẹ́ sípéèdì, ó di márùn-ún oríṣi kan náà, ọwọ́ yín sì pé. Sípéèdì mẹ́sàn-án ló kù nínú káàdì 46 tí ẹ kò tíì rí. Kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. ₦600 wà nílẹ̀, ẹnì kejì fi ₦300 lé e. Ẹ fẹ́ fi 300 wá 900: bí ẹ bá jẹ lẹ́ẹ̀kan, èrè ìlọ́po mẹ́ta ni, bẹ́ẹ̀ ó lé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tí ẹ máa pàdánù kí ẹ tó jẹ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Ẹ jù ú nù. Bó bá jẹ́ ₦100 ló fi lé e, 100 lẹ fẹ́ fi wá 700. Ẹ san án. Sípéèdì lè má wá o. Ìyẹn kò ní kí sísan yín burú.

Lórí bẹ́ǹṣì, ojú la fi ń mọ ẹni tí 20 wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí fóònù, owó ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ń rọra san láti ìbẹ̀rẹ̀, tó wá ṣàdédé da owó ńlá sílẹ̀ nígbà tí sípéèdì kẹta ṣí, ìtàn kan ló ń sọ. Ẹ wò ó bóyá ìtàn náà gún. Ó lè jẹ́ irọ́, òfin eré náà sì fàyè gba irọ́. Àmọ́ kí olùbẹ̀rẹ̀ má purọ́ fún olùbẹ̀rẹ̀ bíi tiẹ̀: ẹni tí kì í ju káàdì nù, irọ́ kì í lé e lọ.

Àwọn tó ń polówó póòkà á sọ ti Chris Moneymaker fún yín, akáńtáǹtì ará Tennessee ní Amẹ́ríkà, tó fi $86 wọ ìdíje kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó gba ibẹ̀ dé ìdíje ńlá ní Las Vegas lọ́dún 2003, tó sì gba mílíọ̀nù $2.5. Òótọ́ ni. Èèyàn 839 ló wọ ìdíje ńlá náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló lọ sílé lọ́wọ́ òfo, wọn kì í sì í fi àwọn yẹn polówó.

Póòkà orí fóònù tún ní ohun tí Whot wa kò ní: onílé. Bí ẹni méjì bá fi ₦500-₦500 ta Whot, ₦1,000 ni ẹni tó jẹ máa kó lọ. Lórí fóònù, ilé iṣẹ́ tó ni tábìlì ń yọ tiẹ̀ nínú owó àárín. Nítorí náà, kò tó kí ẹ mọ̀ ọ́n ta ju ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ jù ú lọ débi tí ohun tí onílé ń yọ kò fi ní dùn yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò débẹ̀ láéláé, ìdí sì nìyẹn tí màá fi ní kí ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọ pẹ́ lórí tábìlì owó eré, tí kò sí náírà nínú rẹ̀. Bó bá wá fẹ́ fowó sí i, kó ti lé ní ọdún 18, kó má sì jẹ́ owó ilé tàbí owó oúnjẹ. Kó wo nẹ́tíwọọ̀kì àdúgbò rẹ̀ náà dáadáa. Bó bá já nígbà tí owó sísan kàn án, aago á ka tán, ẹ̀rọ á sì bá a ju káàdì rẹ̀ nù, ì báà jẹ́ éèsì méjì.