Ìran Mẹ́ta, Èdè Kan: Yorùbá Lẹ́nu Ọmọ Ìgbẹ́tì Tí A Bí Sókè Òkun
Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tí ó ṣí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìyá àgbà a máa sọ Yorùbá, àwọn òbí a máa da èdè méjì pọ̀. Ọmọ-ọmọ gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń dáhùn. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn Hmong tí ogun lé láti Laos dé Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1975.

Arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ wà lára ohun tí ó ń tètè sọnù, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kì í fi tirẹ̀ ya àgbà sọ́tọ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé Ìgbẹ́tì, tí ó bi bàbá àgbà pé, ‘Ṣé o ti jẹun?’, àìlẹ́kọ̀ọ́ ni ará ilé yóò kà á sí. Àṣìṣe gírámà lásán ni. Lẹ́yìn ìbáwí bí ẹ̀ẹ̀mejì, ọmọ náà lè panu mọ́, kí ó sì sá sínú Gẹ̀ẹ́sì pátápátá.