Aṣọ Ọmọdé àti Ilé Titun: Bí A Ti Lè Rán an àti Bí A Ti Lè Ṣe É Lọ́ṣọ̀ọ́

Ẹ̀yin ìyá àti baba nínú Ìjọ, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra àtigbéyàwó,

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ fi í sí ẹnu nìkan. A fẹ́ mú un dé ìdí abẹ́rẹ́ àti ìdí ògiri. Àwọn tọkọtaya tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé a máa rò pé ohun méjì ni ó yẹ kí wọ́n fi owó ńlá rà: aṣọ tí ọmọ yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìsàmì, àti ohun ọ̀ṣọ́ tí àlejò yóò rí ní pálọ̀. Ọ̀pọ̀ sì ti jẹ gbèsè nítorí méjèèjì. A fẹ́ fi hàn pé ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ díẹ̀ lè ṣe méjèèjì ní owó kékeré. A sì fẹ́ kìlọ̀ pé àwọn ohun kan wà nínú àpótí aṣọ àti nínú ilé, tí ó lè gba ẹ̀mí ọmọ bí a kò bá mọ̀ wọ́n.

ÌPÍN KÌÍNÍ: Ipò Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ Láàárín Wa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe iṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Nínú ìwé Samuẹli Kìíní, orí kejì, a kà nípa Hánà, ẹni tí ó ń rán aṣọ kékeré fún ọmọ rẹ̀ tí ó ti fi fún Olúwa, tí ó sì ń mú un tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ kíyè sí i pé lọ́dọọdún ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ọmọ ń dàgbà. Nígbà tí Dọ́káàsì sì kú ní Jópà, kì í ṣe wúrà ni àwọn opó kó jáde fi han Peteru, bí kò ṣe aṣọ tí obìnrin náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán.

Ní ilẹ̀ wa, iṣẹ́ aṣọ ti wà ṣáájú kí òyìnbó tó dé. Àwọn obìnrin a máa hun kíjìpá lórí òfì wọn, àwọn ọkùnrin a sì máa hun ẹtù, sányán àti àlàárì. Nígbà tí Anna Hinderer àti David ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, ó kó àwọn ọmọdé sí ọ̀dọ̀ ní Kúdẹtì, ìránṣọ sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́. Ní Èkó, àwọn Àgùdà tí wọ́n padà láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní àwọn aránṣọ láàárín wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ní àwọn bíríkìlà àti àwọn káfíńtà tí wọ́n kọ́ àwọn ilé alárà ní Pópó Àgùdà. Ní 1851 ni Isaac Singer gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti fi í tọ́ ọmọ dé ilé ìwé gíga.

ÌPÍN KEJÌ: Bí A Ti Ń Gé Aṣọ Ọmọ, àti Bí A Ti Ń Rán an

A ó fi gáùn kékeré alápá kúkurú ṣe àpẹẹrẹ, fún ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì. Bí a bá gé e kúrú dé ìbàdí, ó di bùbá fún ọmọkùnrin.

Èkíní, kí a fọ aṣọ kí a tó gé e. Aṣọ òwú a máa súnkì nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kàn án. A ó rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, a ó sá a, a ó sì lọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá ṣe èyí yóò rí i pé gáùn tí ó bá ọmọ mu ní ọjọ́ Ìsinmi kan kò gba apá rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́.

Èkejì, kí a mọ òró aṣọ yàtọ̀ sí ìbú rẹ̀. Òró ni òwú tí ó bá etí aṣọ tí kì í tú lọ. Ìbú ni èyí tí ó dábùú rẹ̀. Bí a bá fa òró, bóyá ni yóò nà. Ìbú a máa nà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá di igun méjì tí ó kọjú síra mú tí a fà á, yóò nà púpọ̀. Nítorí náà, gígùn gáùn níláti bá òró lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀nà igun dé igun náà ní ìwúlò tirẹ̀: ibẹ̀ ni a ti ń gé ọ̀já tín-ín-rín tí a fi ń di etí ọrùn, nítorí pé ó lè tẹ̀ yíká láìṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n. Kí a wọn àyà ọmọ yíká, kí a wọn ọ́n láti èjìká dé orúnkún, kí a sì wọn orí rẹ̀ yíká. Ẹ jẹ́ kí a wí pé àyà jẹ́ ínǹṣì 21, gígùn 18, orí 19. A ó fi ínǹṣì 5 kún ti àyà, kí ọmọ lè mí kí ó sì lè sáré. Ó di 26. Ìdajì rẹ̀, èyí ni 13, jẹ́ ti iwájú, 13 yòókù jẹ́ ti ẹ̀yìn. A ó fi 3 kún gígùn fún ìṣẹ́tí. Ó di 21. Nítorí pé iwájú àti ẹ̀yìn yóò jẹ́ ẹyọ kan láìsí ojú rírán ní èjìká, aṣọ tí a ó rà jẹ́ ínǹṣì 42, èyí ni ọ̀pá kan àti ínǹṣì 6.

Ẹ ṣẹ́ aṣọ náà po kí etí òkè kan etí ìsàlẹ̀. Ẹ tún ṣẹ́ ẹ po kí ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́: ó di ìpele mẹ́rin. Igun tí ìṣẹ́po méjèèjì ti pàdé ni àárín ọrùn. Láti igun yìí, ẹ wọn ínǹṣì 12½ lọ sí ẹ̀gbẹ́ lórí ìṣẹ́po èjìká. Ibẹ̀ ni etí apá, ìṣẹ́tí apá sì wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ ní ínǹṣì 5, kí ẹ sì fa ìlà wọlé títí yóò fi ku ínǹṣì 7 sí ìṣẹ́po àárín. Abẹ́ apá nìyẹn. Nínú ínǹṣì 7 yìí, 6½ ni ti ara, ààbọ̀ ínǹṣì ni ti ojú rírán. Láti abẹ́ apá, kí ìlà náà sọ̀ kalẹ̀, kí ó máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ínǹṣì 9 ní ìsàlẹ̀. Kí abẹ́ apá tẹ̀ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Kí ó má ṣe ní igun, nítorí ní igun ni aṣọ ọmọdé ti ń ya.

Fún ọrùn, ẹ wọn ínǹṣì 2½ sí ẹ̀gbẹ́ àti ínǹṣì 1 sí ìsàlẹ̀ láti igun náà, kí ẹ gé e ní títẹ̀ lára ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ọrùn ẹ̀yìn nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ìpele ẹ̀yìn kúrò, kí ẹ gé ti iwájú nìkan dé ínǹṣì 2½ sísàlẹ̀. Bí a bá wọn ihò ọrùn yìí yíká, yóò jẹ́ nǹkan bí ínǹṣì 13½. Bẹ́ẹ̀ ni orí ọmọ jẹ́ 19. Orí kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn mìíràn a wá máa fẹ ọrùn náà títí aṣọ yóò fi máa já bọ́ ní èjìká ọmọ. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a la àárín ẹ̀yìn sísàlẹ̀ ní ínǹṣì 4. Ìlà ní etí méjì, nítorí náà ínǹṣì kan tí a bá là fi ínǹṣì méjì kún ihò. 4 di 8, ihò náà di 21½, orí yóò sì wọlé pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Nísisìyí a kan rírán. Awọ ọmọdé kò fẹ́ kí etí aṣọ tí ó ń tú máa ha òun. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀yìn aṣọ kan ẹ̀yìn aṣọ, kí ojú rẹ̀ wà níta, kí ẹ rán ẹ̀gbẹ́ ní ìdámẹ́rin ínǹṣì. Ẹ ré etí rẹ̀ mọ́, kí ẹ gé abẹ́ apá wẹ́wẹ́ láìdé ojú okùn. Ẹ yí aṣọ náà padà, kí ẹ tún rán an ní ìdámẹ́rin ínǹṣì. Gbogbo etí tí ń tú ti wọ inú ara wọn lọ. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ lè fi ọwọ́ ṣe gbogbo èyí; kí ó kọ́kọ́ gán an, kí ó tó rán an ní kíkún.

Ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ ni kí a ká tó ínǹṣì 3. Ọmọ tí ó wà láàárín ọdún méjì sí márùn-ún a máa ga sí i ní ínǹṣì 2 sí 3 lọ́dún. Ìṣẹ́tí yìí sì jẹ́ ọdún kan tí a fi pamọ́ sínú aṣọ. Nígbà tí ọmọ bá ga, a ó tú u sílẹ̀.

ÌPÍN KẸTA: Àwọn Ohun Tí Ó Lè Pa Ọmọ Lára Nínú Aṣọ

Kí a má ṣe fi okùn sí ọrùn aṣọ ọmọdé, nítorí ó lè há mọ́ ibùsùn kí ó sì fún un lọ́rùn. Bọ́tìnnì kan tó fún ẹ̀yìn, kí a sì rán an kí ó le. Ẹ fi ọwọ́ fà á kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Èyí tí ó bá já a máa di ohun tí ọmọ fi sẹ́nu, ó sì lè dí i lọ́nà ọ̀fun.

Kí a má ṣe sá aṣọ ọmọ sórí ilẹ̀ tàbí sórí koríko. Eṣinṣin kan wà tí ń yé ẹyin sára aṣọ tútù; nígbà tí ẹyin náà bá pa, ìdin rẹ̀ a wọ inú awọ ọmọ, ó a sì di oówo. Irin gbígbóná ni í pa á. Nítorí náà ni àwọn ìyá wa ṣe ń lọ aṣọ ọmọ jòjòló ní inú àti lóde, ní pàtàkì ní ojú rírán. Kì í ṣe nítorí ẹwà nìkan.

Ohun tí ó wúwo jù nínú ìkìlọ̀ wa ni ti kánfọ̀, àwọn hóró funfun olóòórùn tí a ń sọ sínú àpótí kí kòkòrò má bàa jẹ aṣọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ wa, pàápàá àwọn ọkùnrin, ni a bí pẹ̀lú àìtó ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní G6PD. A kì í fi ojú mọ̀ wọ́n. Ara wọn dá ṣáká. Ṣùgbọ́n bí a bá fi aṣọ tí ó ti bá kánfọ̀ gbé wé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ a sì mú un: funfun ojú rẹ̀ a di pupa rúsúrúsú. Bí ó bá le, tí ó sì dé ọpọlọ, ó lè sọ ọmọ di adití, ó lè rọ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á. Ẹ ronú ìyá àgbà tí ó fi ìfẹ́ tọ́jú aṣọ ìkókó àkọ́bí rẹ̀, tí ó sì gbé e fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti inú àpótí! Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú rẹ̀. Kí aṣọ ọmọ gbẹ dáadáa kí a tó kó o pamọ́ sínú ohun tí ó ní ìdérí, kí a má sì fi kánfọ̀ sí i rárá. Bí ojú ọmọ titun bá pọ́n, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Yíyá oòrùn àti omi gúlúkóòsì kì í ṣe oògùn rẹ̀.

ÌPÍN KẸRIN: Ṣíṣe Ilé Titun Lọ́ṣọ̀ọ́

Ọ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ nínú ilé ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́, a kì í sì í rà wọ́n. Ògiri tí a kùn ní funfun tàbí ní àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ a máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú iyàrá. Àwọ̀ dúdú a máa gbé e mì. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi símẹ́ǹtì rẹ́ ògiri, kí a fi í sílẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó gbẹ, kí a tó fi ọ̀dà kùn ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa bó. Bí ilé náà bá jẹ́ ti àtijọ́, kí a má ṣe máa ha ọ̀dà rẹ̀ ní gbígbẹ nígbà tí ọmọdé wà níbẹ̀. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́. Eruku rẹ̀ bí ó bá wọ inú ọmọ a máa ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Aṣọ ìkélé fèrèsé kò ṣòro rán, nítorí kò ní ju ìṣẹ́tí mẹ́rin lọ. Kí ìbú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ìbú fèrèsé, kí ó lè ká jọ dáadáa. Àdìrẹ Abẹ́òkúta tàbí àǹkárá tí kò wọ́n lè ṣe é. Kí ó jìnnà sí sítóòfù àti fìtílà.

Lẹ́yìn èyí, a kan àwọn gígékù. Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kí ìyàwó titun bẹ̀rẹ̀ sí kó tirẹ̀ jọ láti ọjọ́ tí ó bá ti gé gáùn àkọ́kọ́. Bí a bá gé wọn ní onígun mẹ́rin dọ́gba, tí a sì rán wọn pọ̀, wọ́n di ìtẹ́ orí àga àti aṣọ orí ibùsùn. Ọmọ tí ó bá sì dàgbà yóò lè tọ́ka sí aṣọ tí òun wọ̀ nígbà tí òun kò tíì lè rìn.

Kí àwọ̀n ẹ̀fọn wà lórí ibùsùn ọmọ ṣáájú kí àwòrán tó wà lára ògiri. Kí a kan pẹpẹ ìwé àti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri, kí ọmọ tí ń gun nǹkan má bàa fà wọ́n wó lu ara rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a má ṣe rọ epo kẹrosíìnì sínú ìgò ohun mímu. Ọmọdé kò mọ ìwé. Ìgò ni ó mọ̀.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ará, a kò sọ pé kí ẹ má ra aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí ilé yín má dára. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹwà ilé onígbàgbọ́ má ṣe ti inú gbèsè wá, kí ó má sì ṣe ti inú àìmọ̀ wá. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ pe àwọn ìyàwó titun ní ọ̀sán kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ́ wọn. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún obìnrin nìkan. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ó wà nínú àwọn télọ̀ ọjà wa, ojú kò sì tì wọ́n. Ní alẹ́ òní, kí olúkúlùkù ṣí àpótí aṣọ ilé rẹ̀, kí ó sì wo ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá rí kánfọ̀ níbẹ̀, kí ó kó o kúrò, kí ó fọ gbogbo aṣọ ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó sì sá a sí oòrùn lórí okùn. Kí Olúwa tí ó fi aṣọ bo Ádámù àti Éfà bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín.