Egbére, Àgbákò àti Èṣù: Iṣẹ́ Ọwọ́ fún Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́



Bí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ, ọjà Houston níbí á kún fún ìbòjú oníwo. Ní ọjọ́ 31, ọjọ́ Halloween, àwọn ọmọ á máa ti ilé dé ilé tọrọ súìtì. Ilé ìwé á sì ti máa kọ́ wọn láti fi bébà ṣe ẹ̀dá abàmì. Àwa ò bínú sí i. Ọmọdé fẹ́ràn ohun tó ń dẹ́rù bà á, pàápàá tó bá jẹ́ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin wa kan, ọmọ ọdún márùn-ún, gbé bébà pupa kan bọ̀ láti ilé ìwé, ó ní ìwo, ó ní ìrù. Wọ́n ti sọ orúkọ ẹ̀ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó wá orúkọ náà. Kí ló rí? Èṣù! Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí kò ti fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé mọ́, torí ibẹ̀ ni Èṣù wà. Ó sunkún gan-an. Ó dùn wá.

Ọmọ kò ṣẹ̀. Nígbà tí Ajayi Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, orúkọ Èṣù ni wọ́n fi pe ọ̀tá Ọlọ́run, àwọn ìwé atúmọ̀ èdè sì tẹ̀ lé wọn. Èṣù tiwa ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, òun ló ń ṣọ́ oríta. Kò ní ìwo. Irun gígùn tó tẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn agbẹ́gilére máa ń gbẹ́ sí i lórí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Egúngún. Àwa tí a fi ìwé àti kásẹ́ẹ̀tì kọ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra fún àmì ohùn: egungun ni ti ẹsẹ̀ adìẹ, òun náà ni wọ́n fi ike ṣe tí wọ́n gbé kọ́ sí ọjà, Egúngún ni ará ọ̀run wa. A kì í fi bébà gé e ní kíláàsì. A mọ̀ pé nílé Yorùbá, àwọn ọmọdé máa ń fi àkísà ṣeré eégún ní àgbàlá. Àmọ́ àwọn yẹn ti rí eégún gidi kí wọ́n tó ṣeré ẹ̀.

Nítorí náà, egbére ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dá kúkúrú inú igbó ni, ó máa ń gbé ẹní kékeré kiri, ó máa ń sunkún ṣáá. Wọ́n ní ẹni tó bá gba ẹní náà lọ́wọ́ rẹ̀ á di olówó. Ẹ ki ìwé ìròyìn sínú àpò bébà, ẹ so ọrùn rẹ̀, ẹ ya ojú àti omijé sí i.

Ẹní yẹn ni iṣẹ́ gidi. Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ, ẹ tò wọ́n, ẹ lẹ orí wọn mọ́ kàátọ́ọ̀nù. Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ dáadáa, torí ooru ìlú yìí ní ọ̀rinrin. Ẹ gé mẹ́jọ míì ní àwọ̀ míì, ẹ máa hun wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tú. Mẹ́jọ àti mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìndínlógún, iye ojú odù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sókè. Tí wọ́n bá kọjá mẹ́rìnlá, ẹ fi hàn wọ́n pé a ti ń yọ nínú ogún: ogún dín márùn-ún ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún dín mẹ́rin ni mẹ́rìndínlógún.

Àwọn tó ti tó ọmọ ọdún méje lè ṣe Àgbákò, ti inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938. Ó dé fìlà irin, ó wọ ẹ̀wù idẹ àti ṣòkòtò awọ, ojú mẹ́rìndínlógún ló sì yí ìdí orí rẹ̀ ká. Àwo bébà á ṣe orí, bébà fàdákà tí a fi ń wé oúnjẹ á ṣe fìlà, ìdérí ìgò á ṣe ojú. Ẹ má fi ìdérí ìgò sílẹ̀ níbi tí àbúrò wọn kékeré wà o, ó lè gbé e mì. Kí ọmọ tó mú sísọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún un pé Àgbákò kì í ṣe òrìṣà, ẹnikẹ́ni kì í bọ ọ́. Ẹ̀dá inú ìtàn ni.

Ọmọkùnrin wa yẹn hun ẹní egbére tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, àwa àti òun jọ lọ kí Èṣù lẹ́nu ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ ló da epo pupa sí i. Ó ti ń gba ibẹ̀ wọlé báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń sáré.