Afinimọ̀nà Inú Ètò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Bí àlejò bá wọ ìlú ńlá tí kò sì rí ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn án, ó lè yí ọjà po lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dé ilé tí ó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ètò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Bọ́tìnnì kún iwájú rẹ̀ bí ìsọ̀ ọjà. Kò mọ èyí tí yóò tẹ̀. Bí ọ̀ràn náà bá sú u, yóò pa á dé, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ a sì kọjá lórí rẹ̀.

Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe ètò ṣe ń fi afinimọ̀nà sínú rẹ̀. Èrò náà ti pẹ́: nígbà tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé kọ̀ǹpútà Macintosh jáde ní 1984, téèpù tí ń sọ̀rọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ṣe àlàyé fún ẹni tí ó rà á. Lóde òní, ojú-ewé fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe àlàyé. Yóò mú kí ibi gbogbo ṣókùnkùn díẹ̀, àfi ibi kan ṣoṣo. Àpótí kékeré yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, yóò sì sọ ohun tí a ń fi ibẹ̀ ṣe. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì inú àpótí náà, ìmọ́lẹ̀ a sún lọ sí ibòmíràn.

Orúkọ ni àpótí yìí fi ń mọ ibi tí yóò dúró sí, nítorí pé ẹni tí ó ṣe ètò náà ti fún àwọn ohun ojú-ewé ní orúkọ, bí ojúlé ṣe ń ní nọ́ńbà. Bí ó bá yí orúkọ kan padà láìtún ti afinimọ̀nà ṣe, afinimọ̀nà yóò máa nawọ́ sí òfìfo. Ètò náà tún gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni báyìí ti rin ọ̀nà náà rí. Bí ó bá jẹ́ inú kọ̀ǹpútà ẹni náà nìkan ni ó kọ ọ́ sí, ọjọ́ tí ó bá lo fóònù, àlàyé a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mímọ ìgbà tí ó yẹ kí a dákẹ́ ni ó le jù. Ilé-iṣẹ́ Microsoft fi àwòrán wáyà tí a fi ń há ìwé, èyí tí ó ní ojú bí ènìyàn, sínú Office 97. A máa yọ síni láti ṣèrànwọ́, ìbáà jẹ́ pé a pè é, ìbáà jẹ́ pé a kò pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kórìíra rẹ̀. Ní 2001 wọ́n ní kí ó máa sùn títí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò fi jí i. Nínú Office 2007 wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún afinimọ̀nà láti fi hàn. Bọ́tìnnì tí a fi ń dá a dúró gbọdọ̀ hàn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí ń kánjú lè bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọdọ̀ ṣeé gbọ́ fún afọ́jú tí kọ̀ǹpútà ń kàwé sókè fún. Kí ó sì fi àmì ìbéèrè kan sílẹ̀ ní igun ojú-ewé, níbi tí ẹni tí ó bá gbàgbé ọ̀nà ti lè pè é padà.